Jíjí ẹ́ńjìnnì Lister ilé ẹ̀rọ abúlé wa dìde

Ẹ́ńjìnnì tí mo ń kọ nípa rẹ̀ yìí wà lórí kọnkéré ní ìsàlẹ̀ abúlé wa, lẹ́yìn Ìkirè, níbi tí ọ̀nà odò ti yà. Ògiri ilé tó yí i ká ti wó dé ìdajì, ìjì ti ká páànù orí rẹ̀ lọ, ewúrẹ́ ló ń sùn sábẹ́ rẹ̀. Fáìwíìlì rẹ̀ méjèèjì, àwọn ẹsẹ̀ irin rìbìtì ńlá tó wà lọ́tùn-ún lósì, kò yí mọ́. Èmi àti ọ̀dọ́kùnrin méjì jọ fi èjìká tì í, kò tilẹ̀ mì. Mo ń to ohun tí a ṣe sí i sílẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ nítorí mo mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣì wà káàkiri oko ilẹ̀ Yorùbá, tí wọ́n ti pa á tì, tí àwọn oníkòǹdẹ́ẹ̀mù sì ń fi kílò díye lé e.

Kí n tó lọ jìnnà: kì í ṣe iṣẹ́ ló ba ẹ́ńjìnnì yìí jẹ́, ìjókòó ni. Ó fi ọ̀pọ̀ ọdún rin ẹ̀gẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́, ríǹgì (irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń yí píṣítìnì ká) àti ọ́ìlì nìkan ló sì ń béèrè. Nígbà tí wọ́n pa á tì, wọ́n fi ẹnu páìpù èéfín rẹ̀ sílẹ̀ gbayawu. Páìpù náà dúró sókè gangan, òjò sì ń rọ̀ sínú rẹ̀ lọ́dọọdún. Omi yẹn gba ẹ̀gbẹ́ fáàfù, ilẹ̀kùn kékeré tí èéfín ń gbà jáde, kọjá, ó bá píṣítìnì (irin tó ń lọ sókè-sódò) nínú sílíńdà (ihò irin tó yí i ká), irin méjèèjì bá dógùn-ún mọ́ra wọn. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ́ńjìnnì tí kò lò lọ́wọ́, kó wá agolo mílíìkì kan kó fi dé ẹnu páìpù rẹ̀ lónìí.

Irú ẹ́ńjìnnì tó jẹ́

Mo fi ọṣẹ àti búrọ́ọ̀ṣì fọ àwo bàbà tó wà lára rẹ̀ títí mo fi rí i kà: R. A. Lister, Dursley, England. Agbára ẹṣin 6. Ìyípo 650 ní ìṣẹ́jú kan. Lister 6/1 ni àwọn tó mọ̀ ọ́n ń pè é, 6 fún agbára rẹ̀, 1 fún sílíńdà kan ṣoṣo tó ní. Ìlú kékeré kan ní Gloucestershire nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni Dursley. Ibẹ̀ ni Robert Ashton Lister ti dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ lọ́dún 1867, ohun èlò oko ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń ṣe. Nígbà tó yá ni wọ́n mú irú ẹ́ńjìnnì díísù tí wọ́n ń pè ní Cold Start jáde. Ẹ̀yìn 1920 lọ sí 1930 ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì olóróró tó wà ṣáájú rẹ̀, àfi kí èèyàn kọ́kọ́ fi iná yan orí wọn kí wọ́n tó gbọ́ràn. Èyí kò fẹ́ iná, kò fẹ́ bátìrì, kò ní púlọ́ọ̀gì. Píṣítìnì yóò tẹ afẹ́fẹ́ mọ́ inú sílíńdà títí afẹ́fẹ́ náà yóò fi gbóná, díísù yóò tú sínú rẹ̀, ó di iná.

Fífẹ̀ sílíńdà rẹ̀ jẹ́ íńṣì mẹ́rin àbọ̀, ìrìn píṣítìnì jẹ́ íńṣì márùn-ún àbọ̀. Ẹ́ńjìnnì ńlá ni fún agbára ẹṣin 6. Àwọn kékeré tó ń ti Ṣáínà wá nísinsìnyí lè pèsè agbára yẹn, ṣùgbọ́n ìyípo tiwọn máa ń lé ní 2,000 ní ìṣẹ́jú kan. Eré tí Lister kì í sá yìí ló jẹ́ kó pẹ́ láyé, mo sì dúró lórí ọ̀rọ̀ náà.

Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn àgbẹ̀ kòkó abúlé wa ló rà á nígbà tí mo wà ní kékeré. Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kàn án, mo lọ bá Baálẹ̀ àti àwọn àgbà tó ṣẹ́ kù nínú ẹgbẹ́ náà. Wọ́n ní kí n tún un ṣe, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ kúrò ní abúlé. Ohun tí èmi náà ń fẹ́ gan-an nìyẹn.

Ní tèmi, pọ́ńpù omi ni mo ń tún ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí mo padà sílé, ọwọ́ mi ò gbà láti dilẹ̀. Mo fẹ́ràn ayò, ṣùgbọ́n ìrọ̀lẹ́ ni tiẹ̀. Mo kọ́kọ́ tún kẹ̀kẹ́ Raleigh bàbá mi ṣe, èyí tó ń fi ọ̀pá irin fa bíréèkì dípò wáyà. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo kọjú sí ẹ̀rọ ìránṣọ Singer ìyá mi, aláfọwọ́yí. Nọ́ńbà ara rẹ̀ fi hàn pé Clydebank ní Scotland ni wọ́n ti ṣe é, ó sì ń ránṣọ títí di òní. Àtùpà kẹrosíìnì tí à ń pọ́ńpù, irú èyí tí wọ́n máa ń gbé kọ́ níbi òkú àti ìgbéyàwó, ó ku awọ pọ́ńpù kí òun náà tó tàn. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn, mo fi ń ṣánwọ́ ni. Ẹ́ńjìnnì ìsàlẹ̀ abúlé ni mo ní lọ́kàn láti ọjọ́ tí mo ti dé.

Ilé ẹ̀rọ nígbà tí a wà lọ́mọdé

Kí ẹ́ńjìnnì yìí tó dé, ọwọ́ ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́. Wọ́n á fi ìṣó lu páànù kan ní ihò-ihò, wọ́n á kàn án mọ́ pákó, obìnrin á sì máa ha ẹ̀gẹ́ mọ́ ọn. Oríkèé ìka ìyá bàbá mi lọ́tùn-ún ní àpá wẹ́ẹ́rẹ́-wẹ́ẹ́rẹ́, funfun, bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún un léraléra. Páànù ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Ó máa ń nà án sí wa pé ká wo ohun tí gàárì fi ṣe òun, kí a tó máa fi í ṣòfò.

Àbúrò bàbá mi ló ń wa ẹ́ńjìnnì náà. Gbogbo abúlé, Ẹlẹ́rọ ni wọ́n ń pè é, àwa ọmọ ń pè é ní Bàbá Kékeré. Ọjọ́ tí ọjà Ìkirè bá ku ọ̀la, báàfù ẹ̀gẹ́ a tò láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí igi ọsàn. Àwa ọmọdé la máa ń jókòó ti báàfù kí ẹnikẹ́ni má baà rọ́ ti ìyá wa sẹ́yìn. Ọmọ tó bá pọnmi kún àgbá, wọn a kọ́kọ́ rin tìyá rẹ̀. Mo pọnmi púpọ̀.

Àgbá yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì yìí kò ní rédíétọ̀. Páìpù kan wà nísàlẹ̀, òmíràn wà lókè, àgbá omi sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Omi tó bá gbóná lára sílíńdà yóò fúyẹ́, yóò gòkè gba páìpù òkè bọ́ sínú àgbá. Omi tútù yóò gba ìsàlẹ̀ wọlé dípò rẹ̀. Kò sí pọ́ńpù kankan níbẹ̀, ìgbóná fúnra rẹ̀ ló ń yí omi náà ká. Àárọ̀ ọyẹ́, tí ètè gbogbo wa bá ti bẹ́, Bàbá Kékeré á jẹ́ ká fi korobá bu díẹ̀ nínú omi yẹn lọ wẹ̀ kí a tó lọ sílé ìwé. A gbọdọ̀ dá òmíràn padà kí a tó kúrò níbẹ̀. Omi náà máa ń pọ́n díẹ̀, òórùn irin sì ń bẹ lára rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lọ́ wọ́ọ́rọ́. Àwọn ọmọ abúlé kejì ń wẹ omi tútù.

Ìyá àgbà kì í ní aago. Láti oko ló ti ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì náà, ó sì mọ ohun tó ń ṣe. Tí ohùn rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, tó ń lọ pù-pù-pù láìsí wàhálà, kò sí ẹ̀gẹ́ lẹ́nu rẹ̀ nìyẹn, ẹlẹ́rọ ń dúró de èèyàn. Tó bá ki, tó ń kùn, ó ń jẹ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Ìyá á ní, "Ẹ jẹ́ a máa wú lọ, èrò ṣì pọ̀ níbẹ̀." Kò ṣì í. Mo dàgbà tán kí n tó mọ ìdí rẹ̀: gọ́fánọ̀, ohun tó ń bá ẹ́ńjìnnì wọn díísù, máa ń fún un ní púpọ̀ sí i bí iṣẹ́ bá ti wúwo, iná tó ń bú nínú sílíńdà á sì le sí i.

Títú u

Ohun àkọ́kọ́ tó yẹ kí ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì yìí mọ̀ ni ti sípánà. Nọ́ọ̀tì rẹ̀ kì í ṣe ti mìlímítà. Ìwọ̀n Whitworth àwọn Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ni. Sípánà 17 tàbí 19 tó wà lọ́wọ́ mekáníìkì ìsinsìnyí á dà bíi pé ó wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n ó máa jẹ etí nọ́ọ̀tì náà ni, tí etí bá sì ti lọ, ìyà ńlá dé. Mo ṣì ní díẹ̀ lára sípánà Whitworth tí mo fi ń ṣiṣẹ́ pọ́ńpù nígbà èwe mi. Ọmọ tó ń tún ọ̀kadà ṣe ní ìkóríta, tó ń bá mi ṣiṣẹ́ yìí, kò rí irú rẹ̀ rí. Ó kọ gbogbo ìwọ̀n wọn sínú fóònù rẹ̀.

A ki díísù àti ọ́ìlì jíà pọ̀, a fi rin gbogbo nọ́ọ̀tì, a sì fi wọ́n sílẹ̀ kó wọra. Òjò máa ń rọ̀, a bò ó ní tapólì, a padà wá. Nígbà tí tọ́ọ̀pù rẹ̀, ìyẹn ìdérí sílíńdà, ṣí, a rí ohun tí mo ti fura sí: orí píṣítìnì pupa fòò fún ìpáàrà, omi dúdú díẹ̀ sì dúró lórí rẹ̀. Inú páìpù tó ń fa afẹ́fẹ́, kòkòrò tí ń fi amọ̀ kọ́lé ti dí i pa.

Ọmọ náà ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fi òòlù gbá a." Mo ní rárá. Bí píṣítìnì bá gán, tí èèyàn sì ń lù ú láti òkè, agbára òòlù yẹn ń lọ sí kọ́nrọ́ọ̀dù (ọ̀pá tó so píṣítìnì mọ́ kíráńkì) àti kíráńkì (ọ̀pá tó ń yí fáìwíìlì) nísàlẹ̀. Ọlọ́run ṣe é, àwọn tó ṣe ẹ́ńjìnnì yìí ti ronú kan ọ̀ràn náà: ilẹ̀kùn kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ikùn rẹ̀, àpótí ìsàlẹ̀ tí kíráńkì wà nínú rẹ̀, tí ọwọ́ èèyàn lè wọ̀ dáadáa, sílíńdà fúnra rẹ̀ sì ṣeé gbé kúrò lórí ikùn. A ti ẹnu ilẹ̀kùn yẹn tú kọ́nrọ́ọ̀dù kúrò lára kíráńkì, a sì gbé sílíńdà sókè pẹ̀lú píṣítìnì nínú rẹ̀. Kíá ni fáìwíìlì yí. Ìyẹn fi hàn pé kíráńkì àti àwọn bíárìnnì rẹ̀ wà ní àlàáfíà, kò sí ohun tó dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí.

Sílíńdà la wá dojú kọ. A dà á délẹ̀, a rọ àdàlù díísù yẹn sí i lókè àti nísàlẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, a gbé pákó ìrókò tí a gé rìbìtì lé orí píṣítìnì, a wá fi jáàkì tì í díẹ̀díẹ̀. Ó ké, ó dúró, ó tún ké, ó jáde. Ríǹgì rẹ̀ mìíràn ti kán, mìíràn ti lẹ̀ mọ́ ojú ihò rẹ̀. Ara sílíńdà kò jẹ púpọ̀. Ọkùnrin kan tó ní ẹ̀rọ ìgérin ní Ìbàdàn wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀, ó ní kò nílò ju kí òun fi òkúta dán inú rẹ̀ lọ.

Nípa ríǹgì, ọjà Aráròmí ní Gáàtì, Ìbàdàn, ni mo ti rí i. Ti Íńdíà ni. Àwọn ará Rajkot ní ìpínlẹ̀ Gujarat ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe irú Lister yìí ní àwòkọ, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n sì ń lò, nítorí náà ẹrù wọn ń wọ ti Dursley. Ṣùgbọ́n ẹ má rà á kí ẹ kàn máa tò ó mọ́ píṣítìnì. Ẹ fi ríǹgì kọ̀ọ̀kan sínú sílíńdà lásán, ẹ fi orí píṣítìnì tì í kó dọ́gba, kí ẹ wá fi géèjì wọn àyè tó wà láàárín ẹnu rẹ̀ méjèèjì. Fún sílíńdà tó fẹ̀ tó báyìí, nǹkan bíi 0.018 íńṣì tẹ́ mi lọ́rùn. Tí àyè yẹn bá kéré jù, nígbà tí irin bá gbóná, ẹnu méjèèjì á kan ara wọn, ríǹgì á ha sílíńdà. Méjì nínú tèmi kéré, mo fi fáìlì rora gé wọn.

Ikùn rẹ̀ ló jẹ wá níyà jù. Ọ́ìlì àtijọ́ ti di ẹrọ̀fọ̀ dúdú nínú rẹ̀, eku sì ti kó ìwọ́ àpò gàárì síbẹ̀. Ṣíbí àti àkísà la fi kó o, lẹ́yìn náà kẹrosíìnì, lẹ́yìn náà kẹrosíìnì mìíràn, títí tí a fi lè fi aṣọ funfun nù ún. Ẹ́ńjìnnì yìí, bí kíráńkì bá ṣe ń yí ló ń ta ọ́ìlì sára gbogbo nǹkan, ìdọ̀tí tí èèyàn bá fi sílẹ̀ nísàlẹ̀ yóò gòkè dé ibi gbogbo.

Nọ́sù díísù

A yọ nọ́sù, ẹnu tó ń tú díísù sínú sílíńdà, kúrò nínú tọ́ọ̀pù, a so ó padà mọ́ páìpù rẹ̀ níta, a fi ọwọ́ tẹ pọ́ńpù. Èyí tó dára á tú díísù bí ìkùukùu, á sì ké kírẹ́kì bó ṣe ń tú u. Tiwa ń kán tó, tó, tó. A fọ̀ ọ́ nínú díísù mímọ́, a fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ ha èédú ẹnu rẹ̀, kì í ṣe irin. Nígbà tí a fọ̀ ọ́ tán, ó ké. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà tí ẹ bá ń dán an wò, kí ẹnikẹ́ni má fi ọwọ́ síwájú rẹ̀. Díísù tó ń ti ibẹ̀ jáde le tó bẹ́ẹ̀ tí ó lè gún awọ wọlé, egbò kékeré ni yóò sì hàn lójú nígbà tí oró ti wà nínú ẹran. Ilé ìwòsàn ni ẹni tí díísù náà bá gún gbọ́dọ̀ sáré lọ lójú ẹsẹ̀, kódà bí kò bá tíì dùn ún.

Ọjọ́ tó ké

A ti tò ó padà, gáskẹ́ẹ̀tì tuntun, ọ́ìlì tuntun, àgbá omi tuntun. Mo fi páànù bo orí kọ́kọ́rọ́ irin tó yọ síta láàárín fáìwíìlì, èyí tó dì í mú mọ́ ọ̀pá rẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló máa ń fa aṣọ èèyàn wọlé. Mo sì sọ fún gbogbo ẹni tó wá wòran pé ẹni tó bá wọ agbádá tàbí tó wé gèlè tó fẹ̀, kó dúró lẹ́yìn ògiri. Wọ́n pọ̀. Àwọn ìyá tó dàgbà jù mí lọ wà níbẹ̀, wọ́n gbé àpótí wá.

Báyìí la ṣe ń ta á. Ẹ ó fi ọwọ́ tẹ pọ́ńpù títí nọ́sù yóò fi ké nínú. Ẹ ó yí ọwọ́ kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tọ́ọ̀pù wọlé, kí àyè inú sílíńdà lè kéré, kí afẹ́fẹ́ lè gbóná sí i. Ẹ ó gbé fáàfù èéfín dúró kí ó má tì, kí yíyí lè rọrùn. Ẹ ó fi ọ̀pá yí i, àtàǹpàkò yín sì gbọ́dọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka yòókù, kò gbọdọ̀ ká ọ̀pá mọ́ra, torí bí ẹ́ńjìnnì bá ta padà ó lè dá a. Bí fáìwíìlì bá ti ní eré, ẹ jọ̀wọ́ fáàfù lọ.

Ọmọ mekáníìkì ló ń yí i, èmi ló di fáàfù mú. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tú èéfín funfun kan gbùù, ó fẹ́ kú, ó tún bú, lẹ́yìn náà ó gbà á: pù-pù-pù-pù. Àwọn ìyá pariwo. Èéfín náà funfun fún ìgbà díẹ̀, ó di búlúù nígbà tí ọ́ìlì tó wà lórí píṣítìnì ń jó, lẹ́yìn náà a kò rí i mọ́.

Kò tètè dúró sójú kan. Eré rẹ̀ ń lọ sókè, ó ń bọ̀ nísàlẹ̀. Oríkèé gọ́fánọ̀ ló ti le nítorí ìpáàrà. Bí ó ṣe ń fẹ́ dín díísù kù, ọ̀pá rẹ̀ kò tètè gbọ́. A pa á, a tú oríkèé kọ̀ọ̀kan, a fọ̀ ọ́, a ta ọ́ìlì sí i títí ó fi ń jábọ́ fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá gbé e sókè. Láti ìgbà yẹn, ohùn kan ló ń sọ.

A kò ní ohun tí a fi ń ka ìyípo. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì yìí, ẹ̀ẹ̀kan ló ń bú nínú ìyípo méjì, nítorí náà ìyípo 650 jẹ́ ìbú 325 ní ìṣẹ́jú kan, nǹkan bíi 54 ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá. Etí kò lè ka ìyẹn. Ọmọ náà gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sórí fóònù, ó dẹ eré rẹ̀, a sì jọ jókòó kà á. Ó ń yára díẹ̀ jù. Mo dẹ sípíríǹgì gọ́fánọ̀, a tún kà á, ó bọ́ sí i.

Ìkejì rẹ̀ ló kù

Òun nìkan ń ṣiṣẹ́ báyìí, kò tíì ní ohun tó ń yí. Ìlù ìrin ẹ̀gẹ́ àtijọ́, ìyẹn pákó rìbìtì tí wọ́n fi páànù bò tó ń yí ha ẹ̀gẹ́, ti jẹrà. A ti rí pákó ìrókò tí a ó fi gbẹ́ tuntun, ṣùgbọ́n mi ò ní fi páànù lásán bò ó bíi ti àtijọ́, nítorí omi ẹ̀gẹ́ kíkan a máa jẹ irin, ohun tó bá sì jẹ, inú gàárì ló ń lọ. Irin tí kì í dógùn-ún ni mo fẹ́, kí alágbẹ̀dẹ fi ìṣó lù ú fún wa. Púlì tó wà lẹ́nu ẹ́ńjìnnì jẹ́ íńṣì 12. Bí mo bá fi ti íńṣì 8 sí ìdí ìlù, ìlù náà yóò máa yí 975 ní ìṣẹ́jú kan. Púlì íńṣì 10 ni mo rí ní ọjà, 780 ni ìyẹn yóò fún wa, ìyẹn kò sì ní rin ẹ̀gẹ́ kúnná tó bí àwọn ìyá wa ṣe ń fẹ́ ẹ. Mo ti ránṣẹ́ sí ẹnìkan ní Gáàtì pé kó bá mi wá ti íńṣì 8, pẹ̀lú bẹ́líìtì pẹlẹbẹ tí kò tíì sán.